Àwọn tó bá wa ṣètò ìrìnàjò wíwo ẹranko igbó ní Maasai Mara

Tó bá jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa lọ wo ẹranko igbó ní Kenya nìyí, mọ́tò àti awakọ̀ ni kẹ́ ẹ náwó lé, kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó bá èmi àti ìyàwó mi ṣètò tiwa, ní ọ́fíìsì wọn ní Bódìjà, ló là wá lóye ẹ̀. Ọmọbìnrin tó dá wa lóhùn ò tiẹ̀ fi fọ́tò yàrá kankan hàn wá. Ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni pé, “Dádì, Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ wà nínú mọ́tò, àbí ẹ fẹ́ bá èrò pín in?” Ó ní tá a bá bá èrò pín in, tó bá ti sú ẹnì kan, gbogbo mọ́tò ló máa padà sí àgọ́. A ní àwa nìkan.

Ibi tí wọ́n ti bí mi nínú ni owó ìwọlé ọgbà ẹranko Maasai Mara. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ kọ fún wa wuyì, àfìgbà tí mo tú u wò tí mo rí i pé owó ìwọlé Mara ò sí nínú ẹ̀. Owó ńlá sì ni. Láti 2024, dọ́là 100 lójúmọ́ ni àlejò tó jẹ́ àgbàlagbà ń san láti oṣù kìíní dé oṣù kẹfà. Láti oṣù keje dé ìparí ọdún, ó di 200. Ìgbà tó wọ́n yẹn gan-an ni àwọn wildebeest, ẹranko igbó oníwo tó ń jẹko bíi màlúù, máa ń wọ́ wá láti Serengeti ní Tanzania. Wọ́n bẹ̀ wá, wọ́n tún ìwé náà kọ, àmọ́ ó yẹ kó ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Wọn ò purọ́ fún wa ṣá. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé a máa bá àwọn ẹran náà lẹ́nu odò Mara nígbà tí wọ́n bá ń sọdá. A ò sì bá wọn. Wọ́n rán wa létí pé ká gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìnàjò, ká mú súwẹ́tà dání (òtútù àárọ̀ ibẹ̀ ju ọyẹ́ Ìbàdàn lọ, ilẹ̀ gíga ni), ká má sì di nǹkan kan sínú ọ̀rá, torí Kenya ti fòfin dè é láti 2017.

Awakọ̀ wa, ọmọ ẹ̀yà Maasai ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó rí agbo erin, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní ká má sọ̀rọ̀. Wọ́n ń jẹko bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìyá erin kan fi ọwọ́jà wé koríko, ó fà á tu, ó ń gbá a mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí yẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀ lè gbọ̀n dànù, kó tó wá jù ú sẹ́nu. Ọmọ rẹ̀ ń ṣe bíi tirẹ̀, koríko ń já bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ oríkì erin lẹ́nu àwọn oníjàálá. Ọjọ́ yẹn ni mo fojú rí ẹni tí wọ́n ń kì. A wà níbẹ̀ títí wọ́n fi kọjá tán, kò sẹ́ni tó kán wa lójú.

Dọ́là ni wọ́n fi kọ iye, náírà la san. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là lọ́jọ́ wo ni wọ́n máa lò, kẹ́ ẹ tó san àsansílẹ̀. Tiwa, iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ tá a sanwó ni wọ́n lò, kò sì fa àríyànjiyàn kankan.