FOG nílé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà wa, láti Yábàá dé Ìdúmọ̀tà

Nígbà tí Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, a lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, a ṣa kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ 24 tí ọpọlọ (processor) Intel wọn jẹ́ ìran kẹjọ sókè, nítorí pé Windows 11 kò fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú èyí tí ó kéré sí i. Kí a tó mọ FOG, ètò tí ó ń da Windows àti gbogbo ohun orí ẹ̀rọ kan kọ sórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ láti orí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fíláàṣì méjì tí Windows wà lórí wọn ni èmi àti ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń gbé láti ìdí ẹ̀rọ kan dé ìdí òmíràn, odidi ọjọ́ mẹ́ta gbáko, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa àtúnṣe láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì títí dátà wa yóò fi tán.

Ọ̀fẹ́ ni FOG, orí Linux ni ó sì ń ṣiṣẹ́. A fi ẹ̀yà 1.5.10 sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí ó di server wa, èyí tí ó ń pín ẹ̀dà fún àwọn yòókù. A to Windows àti gbogbo ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, a fi Sysprep, irinṣẹ́ inú Windows, pa ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà rẹ́, FOG sì gba ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Díìsì 256GB ni, ṣùgbọ́n kìkì ibi tí nǹkan wà lórí rẹ̀ ni FOG kà, èyí tí ó jẹ́ 31GB, ó sì fún un pọ̀ títí ó fi di 14GB.

Lórí wáyà tí ó ń gbé 100Mbps (mílíọ̀nù bit 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bit mẹ́jọ ni byte kan), 14GB yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 19 kí ó tó dé orí ẹ̀rọ kan. Bí a bá wá ń fún ẹ̀rọ 24 ní tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó lé ní wákàtí 7. Multicast ni ó yọ wá: server ń rán ẹ̀dà náà lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀rọ sì ń gbà á pọ̀, bí ìgbà tí olùkọ́ bá ń pe àpèkọ fún kíláàsì. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ falẹ̀ jù ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ dúró dè. Switch wa, àpótí tí wáyà gbogbo ẹ̀rọ ti pàdé, lè gbé 1Gbps (ìlọ́po mẹ́wàá 100Mbps), síbẹ̀ ìṣẹ́jú 23 ni ìgbà àkọ́kọ́ gbà. Mo tẹjú mọ́ switch náà, mo rí i pé iná ihò kẹtàdínlógún nìkan ni ó pọ́n bí ọsàn, àmì pé 100Mbps ni ó ń gbé, tí ti àwọn yòókù sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Mo gé orí wáyà rẹ̀, mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: okùn búráùn kan kò wọlé dé ìdí. Okùn mẹ́rin péré ni 100Mbps nílò, ṣùgbọ́n mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni 1Gbps ń lò, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ̀ pé wáyà náà ní àìsàn. Mo tẹ orí tuntun mọ́ ọn, ẹ̀rọ 24 sì parí ní ìṣẹ́jú 11.

Ẹ̀ka wa kejì wà ní Ìdúmọ̀tà, íńtánẹ́ẹ̀tì tí ó so ó pọ̀ mọ́ Yábàá kì í sì ju 2Mbps lọ lójú ọ̀sán. Lórí ìyẹn, wákàtí 15 àti ààbọ̀ ni 14GB yóò fi rìn fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo, bí iná kò bá lọ. Ibí yìí ni FOG ti wú mi lórí jù, nítorí pé ó fàyè gba storage node, tí èmi ń pè ní àká: ẹ gbé server kékeré sí ẹ̀ka kejì, ẹ kó ẹ̀dà sínú rẹ̀, ẹ sì fi plugin (àfikún) FOG tí a ń pè ní Location sọ fún àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ pé àká tí ó wà nítòsí ni kí wọ́n ti máa mú. Ẹ má ṣe fi fáìlì tí ẹ̀rọ fi ń jí láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀ ní òdìkejì. TFTP, ìlànà ìránfáìlì tí ó ń gbé e, máa ń rán 512 byte, yóò dúró gbọ́ ìdáhùn, kí ó tó rán òmíràn, àyàfi bí ìhà méjèèjì bá jọ gbà láti rán jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ọ̀nà tí ó jìn, ìdúró yẹn ni yóò jẹ gbogbo àkókò. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo dà á sórí díìsì àgbéká, mo wọ danfo ní Yábàá, a gba orí Afárá Carter, kò sì tó wákàtí kan tí mo fi dé.

Ẹ múra sílẹ̀ fún Secure Boot, ààbò tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ fi ètò tí kò dá mọ̀ jí, nítorí pé a ní láti fi ọwọ́ pa á lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ráútà wa kò sì ní àyè tí a lè kọ àdírẹ́ẹ̀sì server sí, nítorí náà dnsmasq, ètò kékeré kan, ni a fi ṣe ProxyDHCP, èyí tí ó ń sọ àdírẹ́ẹ̀sì náà fún àwọn ẹ̀rọ. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ lè máa lo fíláàṣì rẹ̀.

Bí mo bá tún ohun kékeré kan ṣe nínú ẹ̀dà, ńṣe ni fáìlì ńlá inú rẹ̀ máa ń tún gbéra lódindi lọ sí àká Ìdúmọ̀tà. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ní sáà ẹ̀kọ́ ni mo ń tún un ṣe. Mo fi ìyára rẹ̀ mọ sí 1Mbps kí àwọn tí ó wà ní ọ́fíìsì lè rí nǹkan lò. Bí ó bá gbéra ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nǹkan bí agogo kan òru Sátidé mọ́jú ọjọ́ Àìkú ni ó ń parí.