Gods Unchained tàbí Splinterlands: èwo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀?

Eré káàdì orí ayélujára ni méjèèjì. Gods Unchained ni mo máa ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kọ́kọ́ gbìyànjú. Ọ̀fẹ́ ni: wọ́n á fún yín ní káàdì ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì to 30 jọ láti fi jà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń yan káàdì tí ẹ máa lò ní gbogbo ìgbà tó bá kàn yín. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa tètè rí ibi tí ẹ ti ṣàṣìṣe, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Splinterlands, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, tó sì wà lórí blockchain Hive (ìwé àkọsílẹ̀ orí ayélujára tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú), yàtọ̀. Ẹ to ọmọ ogun yín tán, ìjà á máa lọ fúnra rẹ̀. Ó dára fún ẹni tí kò ráyè.