Mo lọ sí ẹbu àwọn amọ̀kòkò lókè Ṣábẹ̀, afinimọ̀nà rò pé mi ò gbédè

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí inú ti bí mi, nítorí ibẹ̀ gan-an ló jẹ́ kí n máa kọ èyí. Màmá amọ̀kòkò gbé àmù tí mo yàn, ó fi oríkèé ìka kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ́tí sí i, ó wá ní: "Èyí ò dáa. Ohùn rẹ̀ kú. Mi ò ní í tà á." Ọmọkùnrin tó mú wa wá yíjú sí mi, ó fi Faransé sọ fún mi pé màmá ní ẹnìkan ti sanwó àmù yẹn, ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù ú lọ wà níbẹ̀, 12,000 sẹ́fà.

Mo kọ́kọ́ dákẹ́. Ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin ni mí, Kétu ni wọ́n ti bí ìyá mi, Benin náà ni Ṣábẹ̀ sì wà. Èdè Ṣábẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tó máa ń rú mi lójú, àmọ́ "ohùn rẹ̀ kú" kò lè rú ọmọ Kétu lójú. Ọmọkùnrin yìí ò mọ̀, torí pé Faransé la fi ń kọ̀wé síra wa lórí WhatsApp, Ègùn sì ni ọkọ mi, orúkọ rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ń kó àlejò lọ síbẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń túmọ̀ Yorùbá fún mi. Èmi náà sì ń mi orí.

15,000 sẹ́fà ni ilé iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n sì ní a ó rí oníṣẹ́ ọwọ́ mẹ́ta. Aago márùn-ún ìdájí la kúrò ní Àjàṣẹ́. Ọ̀nà náà lé ní 200 kìlómítà. AC ọkọ̀ ń fẹ́ ooru, àmọ́ ọmọlúàbí ni awakọ̀, ó dúró fún mi kí n ra wàrà Fúlàní lẹ́yìn Ìdáàṣà láìfajúro. Ẹni tó bá dé Ṣábẹ̀ rí mọ àwọn òkè ibẹ̀: àpáta ńláńlá tó kàn ṣàdédé yọrí lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ọmú ni àwọn Faransé fi sọ wọ́n lórúkọ. Afinimọ̀nà wa fi àwàdà ọmú yìí pa wá lára fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ìyá àgbà kan wà láàárín wa.

Oníṣẹ́ ọwọ́ mẹ́ta ọ̀hún ńkọ́? Ahunṣọ ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ, òfì rẹ̀ nìkan la bá, a ya fọ́tò òwú. Níbi kejì, ẹ̀gbà ọwọ́ ni obìnrin kan ń tà, irú èyí tó kún ọjà Wàndó nílé wa, ìwé tí wọ́n kọ iye owó sí ṣì wà lára òmíràn. Mo ti ń ṣírò owó mi lọ́kàn. A tún gun àpáta sókè, ó ń yọ̀, oòrùn ń pa wá. Mo ní ṣebí ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, mo bọ́ bàtà, mo ń lọ.

Ẹbu náà wà lábẹ́ igi irú kan. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti yí padà, kí ó tó tún yí padà.

Wọ́n ti gún amọ̀, wọ́n ti rẹ ẹ́, wọ́n sì ti po àpáàdì tí wọ́n lọ̀ kúnná mọ́ ọn kí ó má baà là nínú iná. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń yí. Màmá dojú ìkòkò àtijọ́ kan délẹ̀, ó fi amọ̀ bo ìdí rẹ̀ bí ẹni ń dé fìlà fọ́mọ, ìdí ìkòkò tuntun nìyẹn. Nígbà tó yí i dúró, ó ń lẹ amọ̀ tó fọwọ́ yí gbọọrọ bí ejò mọ́ ọn létí, ó ń fi ẹ̀yìn rìn yí i ká. Ìkòkò dúró, èèyàn ló ń yí. Mo ka ìyípo mẹ́rìndínlógún kí ó tó dúró nu òógùn ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn o. Èmi tí mo jókòó, ẹ̀yìn ló ń ro mí. Lẹ́yìn náà ó yí ṣùkù àgbàdo lára ọrùn rẹ̀, ó fi ọnà wínníwínní sílẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn tó ti gbẹ, wọ́n tò wọ́n sórí igi, wọ́n fi koríko gbígbẹ bò wọ́n, wọ́n ṣáná sí i nínú gbangba. Bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá gígùn yọ wọ́n ní pípọ́n ni wọ́n ń wọ́n omi èèpo èso igi irú sí wọn lára. Ṣàà! Èéfín bo gbogbo wa, ìkòkò tó pọ́n di dúdú tó ń dán. Mi ò rántí AC mọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti yan àmù. Ìgbà tí ọmọkùnrin yìí parí irọ́ rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní: "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló pa ohùn rẹ̀?" Màmá pariwo pé "Háà, ọmọ wa ni!" ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìró rẹ̀ mú. Ó da omi sínú àmù náà, ó fi ibi tí ó là hàn mí, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, omi ń rìn níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gbé e, ó sì là á mọ́ àpáta. Mo fò sókè. Ó ní wọn yóò lọ̀ ọ́, yóò padà sínú amọ̀. Ó kan òmíràn fún mi, ó dún bí agogo. Èyí tó jẹ́ 12,000 lẹ́ẹ̀kan, màmá ní 4,000. Mo bi í pé èló ni wọ́n ń fún un tí wọ́n bá kó àlejò wá. Ó ní 1,000, wọn ì báà pọ̀ tó. Àwa méje la wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ lórí eruku: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì." Mo ní, "Dìde, ọmọ mi. Mo máa kọ ọ́."

Òun náà ló wá gbé àmù mi sọ̀kalẹ̀. Ó fi koríko dì í, ó rù ú sórí, ó fi ẹsẹ̀ lásán sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta yẹn fún bíi wákàtí kan, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Lójú ọ̀nà ó sọ fún mi pé amọ̀kòkò ni ìyá ìyá òun, pé 2,000 ni ilé iṣẹ́ ń fún òun lójúmọ́, orí ọjà tí àlejò bá rà ni ìyókù ti ń wá. Kò ní kí n dárí jì òun mọ́. Ó kàn ń sọ ọ́ ni.

Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwòrán àtàǹpàkò ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta wọ́n ní àwọn yóò bù 1,500 kúrò fún mi tí mo bá tún wá. Lórí ọ̀rọ̀ owó màmá, ẹnikẹ́ni ò fọhùn. Oúnjẹ ọ̀sán wọn, iyán tó ti tutù ni.

Mo fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọkọ mi ní orí mi ò pé, méjì ló yẹ kí ó jẹ́, ó sì ń mu omi àmù náà bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ti san àsansílẹ̀ fún oṣù kejìlá, èmi àti àbúrò mi obìnrin. Lọ́tẹ̀ yìí, Yorùbá ni mo fi kọ̀wé sí wọn.