Kẹ̀kẹ́ Òkè Àkọ́kọ́ fún Ẹni Tó Ti Gbówọ́ Lórí Kẹ̀kẹ́ Títì: Ìfiwéra fún Òǹrajà ní Òṣogbo

Ẹni tó ti ń fi kẹ̀kẹ́ eré ìje gba títì Òṣogbo sí Ìkìrun tàbí Òṣogbo sí Gbọ̀ngán láti ọdún pípẹ́ kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nídìí kẹ̀kẹ́ mọ́. Ó mọ bí a ṣe ń ṣọ́ èémí lò, ó mọ ìtọ́jú ṣéènì, itan rẹ̀ sì ti le. Síbẹ̀, bí ó bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta kẹ̀kẹ́ òkè (mountain bike), ohun tí títì kọ́ ọ gan-an ló lè ṣì í lọ́nà: yóò gbé kẹ̀kẹ́ sókè láti mọ bí ó ṣe fúyẹ́ tó, yóò wá èyí tí jíà rẹ̀ lè sáré jù, yóò sì máa sá fún táyà tó sanra. Ọ̀nà oko tó kún fún yangí, gbòǹgbò igi àti ojú àgbàrá kò béèrè ìwọ̀nyí. Táyà tó di ilẹ̀ mú, bíréèkì tó ṣeé fọkàn tẹ̀, àti jíà tó kéré tó láti gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ló ń béèrè.

Ṣọ́kì iwájú nìkan tàbí ṣọ́kì méjì

Ìpinnu tó tóbi jù nìyí. Hardtail ni kẹ̀kẹ́ tó ní ṣọ́kì ní fọ́ọ̀kì iwájú nìkan. Full suspension ní ṣọ́kì kejì láàrin, ẹ̀yìn férémù rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò lórí bẹ́árìn. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, oníṣọ́kì méjì ló dára jù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀: táyà ẹ̀yìn kì í fò kúrò nílẹ̀ bọ̀rọ̀, ara kì í tètè ro ẹni, ẹni tó bá sì gba ibi tí kò yẹ máa ń rí àyè tún un ṣe.

Ti hardtail yàtọ̀. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ pẹ́dà ni agbára ń dé táyà, ẹni tó ń bọ̀ láti títì yóò sì mọ̀ ọ́n lára lójú ẹsẹ̀. Bí owó méjèèjì bá dọ́gba, hardtail máa ń fúyẹ́ jù, fọ́ọ̀kì àti bíréèkì rẹ̀ sì máa ń dára jù, nítorí pé owó tí ìbá bá ṣọ́kì ẹ̀yìn lọ ti bọ́ sí ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ló jẹ́ kí n gbè é lẹ́yìn jù ní Òṣogbo. Eruku ọyẹ́ àti ẹrẹ̀ pupa ìgbà òjò kì í dá bẹ́árìn sí. Ilé-iṣẹ́ RockShox tó ń ṣe fọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ní kí a máa tú ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀kì fọ̀, kí a sì pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní gbogbo wákàtí 50 tí a bá gùn ún. Ẹni tó ní ṣọ́kì méjì ti fi ìtọ́jú ṣọ́kì ẹ̀yìn àti bẹ́árìn férémù kún ìyẹn, kì í sì í ṣe gbogbo atúnkẹ̀kẹ́ṣe ló ní ohun ìpààrọ̀ wọn nílẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni hardtail tí fọ́ọ̀kì rẹ̀ ń rìn 100 sí 130 mìlímítà bí ó bá rì délẹ̀, fún ẹni tó fẹ́ máa gba ọ̀nà oko agbègbè Ẹdẹ, Ìbòkun àti Ìkìrun. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, tàbí ẹni tó ń lọ sórí àpáta Ìràgbìjí nígbà gbogbo, tó sì ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀, lè ra oníṣọ́kì méjì láìbẹ̀rù. Èyí tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má rà ni oníṣọ́kì méjì olówó pọ́ọ́kú, tí ṣọ́kì ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ sípíríǹgì lásán láìsí ọ́ìlì tó ń kó o níjàánu. Ó wúwo, ó ń fò bí ẹ bá ti ń tẹ pẹ́dà, ó sì ń jẹ agbára tó yẹ kó gbé yín gun òkè.

Fọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́ tàbí ti sípíríǹgì

Ti sípíríǹgì kò nílò póńpù, ṣùgbọ́n ó wúwo, líle rẹ̀ kan náà ló sì wà fún ẹni 60 kílò àti ẹni 95 kílò. Ti afẹ́fẹ́ ṣeé tò mọ́ ìwọ̀n ara: bí ó bá ń rìn 120 mìlímítà, ó yẹ kó rì tó mìlímítà 24 nígbà tí ẹ bá dúró lórí pẹ́dà. Póńpù ṣọ́kì ni a fi ń fẹ́ ẹ. Ẹ má jẹ́ kí fọkanáísà fi ẹ̀rọ táyà kàn án.

Táyà, jíà àti bíréèkì

Ríìmù 29 àti 700c tí ẹ ti ń lò kò yàtọ̀ níbi tí táyà ń jókòó sí: láti etí kan dé etí kejì òdìkejì, 622 mìlímítà ni méjèèjì. Ẹni kúkúrú lè fẹ́ràn 27.5, nítorí pé ó tètè ń yí kọ́nà. Ẹ ra táyà tó fẹ̀ tó 2.2 sí 2.4 íǹṣì, kí ẹ sì gbàgbé ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 90 psi ti títì. Bíi 25 sí 30 psi ti tó, torí táyà tó bá le jù yóò máa ta lórí yangí ni.

Ní ti jíà, bí eyín 34 bá wà níwájú àti 28 lẹ́yìn, táyà kẹ̀kẹ́ títì ti yí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí pẹ́dà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ 32 níwájú àti 51 lẹ́yìn, bíi ti kẹ̀kẹ́ òkè òde òní, táyà kò yí tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Tòkunbọ̀ àtijọ́ tó ní àwo eléyín mẹ́ta níwájú, tí èyí tó kéré jù níbẹ̀ ní eyín 22, tí èyí tó tóbi jù lẹ́yìn sì ní 34, fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ kan náà, nítorí náà kò yẹ kí a fojú di í.

Bíréèkì olómi lágbára ju oníwáyà lọ, ìka kan sì tó o tẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú omi tó ń lò. Ọ̀pọ̀ bíréèkì SRAM ń lo DOT, tí a lè rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò. Mineral oil ni Shimano ń lò. Bí a bá da ọ̀kan sínú èkejì, rọ́bà inú rẹ̀ yóò bàjẹ́. Oníwáyà tí àwo rẹ̀ dára kò burú fún ẹni tó ń gbé jìnnà sí atúnkẹ̀kẹ́ṣe.

Tuntun tàbí tòkunbọ̀

Owó kan náà máa ń ra tòkunbọ̀ tó dára ju tuntun lọ, bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ di bíréèkì iwájú mú, kí ẹ tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì wo ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì tó ń dán: bí òrùka ọ́ìlì bá yọ lára rẹ̀, rọ́bà ti jẹ, bí èékánná yín bá há sí ojú ibi tó ha, ẹ fi í sílẹ̀. Ti oníṣọ́kì méjì, ẹ di ìjókòó mú, kí ẹ rọra gbé e sókè. Bí ó bá dún kó kó kí táyà tó kúrò nílẹ̀, bẹ́árìn tàbí bọ́ọ̀ṣì ti jẹ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gùn ún lórí ilẹ̀ yangí, kì í ṣe lórí títì nìkan. Igbó Ọ̀ṣun kọ́ ni ibi ìdánwò yìí. Ibi ìjọsìn ni, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé láti 2005.

Pẹ́dà títì, tí bóòtù mẹ́ta ń de ohun ìdè rẹ̀ mọ́ abẹ́ bàtà, kò bá bàtà òkè mu. Oníbóòtù méjì ni ẹ ó wá, tàbí kí ẹ fi pẹ́dà pẹlẹbẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì ra ìkejì irin kékeré tó so ẹ̀rọ ìyíjíà mọ́ férémù lọ́jọ́ náà gan-an, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ bá ṣubú sórí òkúta, ti férémù kan kì í sì í sábà bá òmíràn mu.