Inkscape: ohun tó yọ mí lọ́jọ́ tí fáìlì mi já

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń fi Inkscape, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ya lógò. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́ ló so mí mọ́ ọn. Irú fáìlì tó ń tọ́jú iṣẹ́ sí ni.

Lóru ọjọ́ kan, oorun ti kùn mí, mo fa fláàṣì yọ kí kọ̀ǹpútà tó kọ fáìlì tán. Lógò oníbàárà tí mo fi odidi ọjọ́ mẹ́ta yà! Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Àyà mi já.

Àṣé ọ̀rọ̀ tí ojú lè kà ni SVG, irú fáìlì tí Inkscape ń lò, ìlànà tí W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin wẹ́ẹ̀bù, gbé jáde ní 2001. Mo fi Notepad, ètò tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ lásán, ṣí i. Gbogbo ìlà mi ló wà níbẹ̀: M níbi tí gègé ti bẹ̀rẹ̀, C níbi tó ti tẹ̀ bí ọrun, nọ́ńbà lọ rẹrẹẹrẹ. Ìdí fáìlì nìkan ló já. Mo pa ìlà àjákù náà rẹ́, mo tẹ </g> àti </svg>, àmì tó ń pa àwòrán dé, sí ìsàlẹ̀, ó bá ṣí. Ìràwọ̀ kékeré kan péré ni mo tún yà. Ká ní fáìlì tí ẹ̀rọ nìkan lè kà ni, mi ò bá máa sunkún títí di òní.

Nínú irinṣẹ́ rẹ̀, ti oríkèé ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ tẹ F2, oríkèé ara ìlà á yọ síta. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fà á, ìlà á tẹ̀ lé ọwọ́ yín. Àwòrán tó tó èékánná á di ńlá bí ògiri, etí rẹ̀ ò ní hu eyín.

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ àtijọ́, kó ṣọ́ra o. Kí ẹ̀dà 0.92 tó dé ní 2017, 90 píksẹ́lì, ẹyọ tóótòòtó tí a fi ń wọn àwòrán, ni Inkscape ń kà sí ínǹṣì kan. Ó wá di 96 kó lè bá CSS, ìlànà ìrísí ojú ewé wẹ́ẹ̀bù, mu. Tó bá bi yín bí ẹ ṣe fẹ́ kí fáìlì àtijọ́ tóbi tó, ẹ farabalẹ̀ kà á kí ẹ tó dáhùn.

Títẹ̀ sórí ìwé ló ń dùn mí. RGB, àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ni Inkscape ń bá ṣiṣẹ́, CMYK, àwọ̀ yíǹkì, làwọn atẹ̀wé ń fẹ́, ìyẹn ni mo ṣe máa ń gbé iṣẹ́ gba inú Scribus, ètò ìṣètò ìwé, kọjá. Ọ̀rọ̀ inú àwòrán náà, ẹ fi Shift+Ctrl+C sọ ọ́ di ìlà kí ẹ tó fi ránṣẹ́, torí kọ̀ǹpútà tí kò bá ní fọ́ńtì yín, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà tí ẹ lò, á fi tiẹ̀ rọ́pò. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀dà kan tí ẹ ṣì lè tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ.

Tó bá jẹ́ fọ́tò lẹ fẹ́ tún ṣe, GIMP ni kí ẹ wá lọ. Èmi ní tèmi, oníbàárà ọjọ́sí ti tún gbé lógò kejì wá. Fláàṣì yẹn ti wà nísàlẹ̀ àpótí, mi ò fojú kàn án mọ́.