Telecaster Ìrísí Àtijọ́: Squier Classic Vibe '50s Tàbí Fender American Vintage II 1951?

Telecaster jẹ́ irú gìtá oníná mànàmáná kan tí ilé-iṣẹ́ Fender ń ṣe; Squier sì ni orúkọ ọjà Fender tí owó rẹ̀ kéré. Bí a bá fẹ́ yan nínú gìtá méjèèjì yìí, ọrùn wọn ni mo gbà pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a tó ka owó. Ọrùn Fender, tí wọ́n ń ṣe ní Corona ní California, ki, ẹ̀yìn rẹ̀ sì rí bíi lẹ́tà U, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń kún àtẹ́lẹwọ́. Ojú ọrùn náà tẹ̀ kọdọrọ, ìwọ̀n ìtẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 7.25 íǹṣì (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ojú ọrùn ṣe ń tẹ̀ tó), èyí tí ó rọ ìka lọ́rùn láti tẹ kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan tí a tẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n bí okùn bá sún mọ́ ojú ọrùn jù, ohùn lè kú nígbà tí a bá fa okùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti gbé ohùn sókè. Ọrùn Squier mọ níwọ̀n, ojú rẹ̀ sì tẹ́jú díẹ̀ sí i, ní 9.5 íǹṣì.

Fender ń gba ju dọ́là 2,000 lọ. Squier ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Ọ̀dà Fender fẹ́lẹ́, ó sì tètè ń ṣá, nígbà tí ti Squier le.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi, tí kọ́ọ̀dù jẹ lógún, tí owó rẹ̀ sì tó, lè mú Fender. Ẹni tí ń fa okùn gan-an, tàbí tí ń gbé gìtá rẹ̀ káàkiri òde eré, Squier ni yóò bá a lára mu.