Ìbéèrè mẹ́rin kó tó ta oògùn fún mi

Ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹran kan wà lẹ́yìn ọjà Ìpàtà, n'Ílọrin. Àpò fíìdì ti gba ẹnu ọ̀nà, ẹ ó fẹ̀gbẹ́ wọlé ni. Adìẹ ẹlẹ́yin 60 ni mo ń sìn ní Gáà Àkàǹbí. Nígbà tí ọyẹ́ mú, imú wọn ń ṣomi, ojú wọn wú, bó bá di òru wọ́n á máa hanrun bí arúgbó. Mo tú kápùsù ampisílíìnì tó kù nílé sínú omi wọn fún ọjọ́ 3. Ká má purọ́, ọ̀pọ̀ wa là ń ṣe é. Òfo ni.

Mo ní kí ọmọkùnrin tó ń tajà fún mi ní èyí tó le jù. Kò tilẹ̀ wo pẹpẹ. "Àlájà, ṣé wọ́n ń yé? Ìgbẹ́ wọn ńkọ́, ṣé kò rí bí omi ewé? Ṣé ọrùn ìkankan ò lọ́? Ìgbà wo lẹ fún wọn ní àjẹsára kẹ́yìn?" Inú ń bí mi, oòrùn ti pa mí dé ibẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ lùkúlùkú, fáírọ́ọ̀sì nìyẹn, kò sí àǹtìbáyọ́tíìkì tó ràn án. Àmọ́ tèmi jọ Mycoplasma, kòkòrò bakitéríà tó ń bá adìẹ jà ní ọ̀nà èémí. Ó ní ọmọ ìyá pẹnisílíìnì ni ampisílíìnì. Ògiri tí kòkòrò fi bo ara ni wọ́n ń bà jẹ́, tí kòkòrò á fi bẹ́. Mycoplasma ò ní ògiri rárá. Kí ni wọ́n fẹ́ wó? Tylosin ló gbé fún mi: ibi tí kòkòrò ti ń ṣe purotéènì ni ìyẹn ń dí, kò ní lè pọ̀ sí i.

Ọjọ́ 5 ni mo fi pò ó sómi, tuntun láràárọ̀. Lóru ọjọ́ kẹta, ilé adìẹ dákẹ́. Méjì kú, àwọn tó ti dùbúlẹ̀ kí n tó lọ sọ́jà. Ó ti kìlọ̀ ṣáá pé kì í tán pátápátá lára wọn, ó lè tún yọjú lọ́yẹ́ tó ń bọ̀.

Ẹyin ló dùn mí. Ó ní n ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, n ò gbọdọ̀ tà á, títí iye ọjọ́ tó wà lára sáṣẹ́ẹ̀tì fi pé. Kíréètì 9 ni mo gbẹ́ ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Kì í sì í tà á ní wẹ́wẹ́: odidi sáṣẹ́ẹ̀tì lẹ ó rà, n ò lò tó ìdajì. Rìsíìtì? Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá sì di Jímọ̀, ẹ tètè lọ. Lẹ́yìn aago 12, ó ti lọ kírun.